Àwọn Ìbejì Tí Mo Sọ Di Ẹyọ Kan

Bàámi, ẹ kú ulé o, bí a ṣe ń sọ ọ́ l'Ádó. Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Màámi, mo kí Táyé àti Kẹ́hìndé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé Táyé ni yóò ka ìwé yìí fún yín nítorí ojú yín. Kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan. Mo gbé e sí gbangba nítorí pé àwọn ọmọ wa tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi lẹ́yìn odi pọ̀, ó lè ṣe ẹnì kan láǹfààní.

Ẹ̀yin ti ń retí òjò àkọ́rọ̀, yìnyín ṣì bo ẹnu ọ̀nà mi níbí ní Kánádà. Ṣọ́bìrì ni mo fi ń kó o kí n tó lè jáde lọ síbi iṣẹ́. Ara mi le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Kò sì sẹ́ni tí mo lè fi Èkìtì sọ ọ́ fún. Aládùúgbò kan ṣoṣo tó ń kí mi, ajá rẹ̀ ló máa ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Mo gbọ́ pé Màámi ṣì ń sọ fún wọn ní àdúgbò Fájuyì pé dátà ni mò ń tà, bí àwọn tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé n kì í tà á. Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn la máa ń gbà láti oríṣiríṣi ilé ìwòsàn, a ó kó o sínú àká ńlá kan nínú kọ̀ǹpútà, a ó wá máa wa inú rẹ̀ bí ẹni ń wa kùsà, ká lè mọ àìsàn tó ń gbilẹ̀ àti oògùn tó ń ṣiṣẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹnì kan lè wọ àká náà lẹ́ẹ̀mẹta, torí pé ilé ìwòsàn mẹ́ta ló kọ orúkọ rẹ̀. Èmi ni mò ń pa irú wọn pọ̀ di ọ̀kan.

Òfin tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà ni pé bí orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì bá ti bára mu, ẹnì kan náà ni, kó má wo orúkọ tó kù. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní nílé wa, ìyá bàbá á sọ ọmọ lórúkọ, ìyá ìyá á sọ tirẹ̀, pásítọ̀ á tún fi ti inú Bíbélì kún un. Èmi fúnra mi, Fúnmiláyọ̀ ni mí ní ilé ìwé, Ẹ́sítérì ni mí nínú ìwé ìrìbọmi, Ìdòwú ni ẹ̀yin ń pè mí. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ, wọ́n sì gbà fún mi.

Ó ṣiṣẹ́ débi pé wọ́n ní kí n wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi àpérò àwọn oníṣẹ́ wa lọ́dún tó kọjá. Mo kọ́ wọn ní òfin mi, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́ wọn. Fọ́tò ọjọ́ náà ni Màámi gbé kọ́ sí pálọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ yìí ni n óò tún kọ́ àwọn mìíràn, Màámi sì ti sọ fún ìjọ yín ní àdúgbò Adébáyọ̀ pé kí wọ́n fi ìdúpẹ́ sí ọjọ́ Ìsinmi.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, níbi tí mo ti ń wá àpẹẹrẹ tí n óò lò, mo rí ọmọ ọdún mẹ́rin kan tí wọ́n wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, tí ìwọ̀n méjèèjì yàtọ̀ pátápátá. Mo kọ́kọ́ rò pé nọ́ọ̀sì ló ṣì í kọ. Nígbà tó yá, mo ṣí ìwé tí ilé ìwòsàn kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, mo rí orúkọ méjì níbẹ̀. Ìbejì ni wọ́n, òfin mi ló sọ wọ́n di ẹyọ kan. Oògùn kan wà tí ara ọ̀kan nínú wọn kò gbà rárá, ìkìlọ̀ náà sì ti pòórá nínú ìwé rẹ̀ torí pé ti èkejì ló bò ó mọ́lẹ̀. Bàámi, èmi tí ẹ bí tẹ̀lé ìbejì, tí Táyé àti Kẹ́hìndé pọ̀n dàgbà, èmi ni mo gbàgbé pé ìbejì wà láyé. Ojú ń tì mí gan-an.

Mo sọ fún ọ̀gá mi lọ́jọ́ náà. A dá òfin náà dúró, a tú àwọn tí a ti pa pọ̀ ká, a kò sì tíì rí ẹni tó fara gbá a nínú tiwa. Ọ̀gá ní ó parí síbẹ̀. Ó ní kí n má mẹ́nu kàn án níbi àpérò torí àwọn oníbàárà wa yóò wà níbẹ̀. Kò halẹ̀ mọ́ mi, ó kàn rán mi létí pé iṣẹ́ yìí ló gbé ìwé ìgbélùú mi ró. Bí iṣẹ́ bá lọ, ìwé lọ, n kò sì mọ bí n óò ṣe máa ra oògùn ojú yín. Àmọ́ àwọn tí mo kọ́ lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Òfin mi ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi ń rò ó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bi yín lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé pé kí ló dé tí àwọn olùkọ́ fi ń pè yín ní Bàbá Ẹ-wá-fúnra-yín. Ẹ ní nígbà tí ẹ ń tọ́jú fáìlì ní sẹkitéríàtì, ẹ pa fáìlì olùkọ́ méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀, wọ́n sì fi ọjọ́ orí ọ̀kan fẹ̀yìn èkejì tì. Ọ̀gá yín ní kí ẹ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹ gun ọ̀kadà lọ bá èyí tí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì, obìnrin ni, nílé rẹ̀ ní Ìyìn, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ kì í pa fáìlì méjì pọ̀ láìrí ojú ẹni tó ni ín. Ẹ kò mọ̀ pé mò ń sunkún nígbà tí ẹ ń rẹ́rìn-ín sọ ọ́.

Láàárọ̀ yìí mo kọ̀wé sí gbogbo àwọn tí mo kọ́ pé kí wọ́n dá òfin mi dúró, èmi ni mo ṣì wọ́n lọ́nà, n óò sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn ní Ọjọ́bọ̀. Mo sọ fún ọ̀gá mi pẹ̀lú. Ó kàn ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tíì dá mi lóhùn nínú àwọn tí mo kọ̀wé sí. Ó ní wọ́n ti wo àká tiwọn, wọ́n rí ìbejì ọmọdé kan tó ti di ẹyọ kan, ọ̀kan nínú wọn sì ti wà ní ọsibítù láti àná. Kò sọ ohun tó ń ṣe é. Ó lè jẹ́ ibà lásán. Mo bi í, kò tíì sọ nǹkan kan, mo sì ń wo fóònù bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ká ní mo ti kọ̀wé ní Ọjọ́rú ni.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, Màámi kò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará àdúgbò àti gbogbo ìjọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ má tíì fi iṣẹ́ mi ṣáájú. Ọmọ tó wà ní ọsibítù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbàdúrà fún. Ǹ bá sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, àmọ́ n kò mọ̀ ọ́n.

Èmi ni, ọmọ yín,
Ìdòwú