Oògùn Tí Màmá Gbé Pamọ́

Ọjọ́rú, Àkúrẹ́. Òjò ti dá.

Láti àná tí ìyá ọkọ mi ti dé láti Oǹdó ni wọ́n ti gbé oògùn ìfun mi pamọ́. Wọ́n ní aboyún kì í gbé oògùn mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, torí mo mọ bí inú yìí ṣe máa ń rí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀.

Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì kan ń kọ́ àwa aláboyún tó ní àìsàn ìfun lẹ́kọ̀ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo yí ohùn fóònù sókè. Màmá ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nọ́ọ̀sì ní ká má dá oògùn dúró láìbi dókítà, pé bí àìsàn náà bá gbérí, ó lè pa ọmọ lára.

“Bi í bóyá òun náà ti bímọ rí,” ni Màmá wí.

Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ mo tẹ ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí i. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti bí méjì, àìsàn yìí kan náà ló ń ṣe òun, òun ò sì fi oògùn òun sílẹ̀ títí òun fi bí wọn.

Ẹ̀gúsí ṣáá ni Màmá ń bó.

Nígbà tí Màmá gbé oúnjẹ alẹ́ wá, oògùn mi wà nínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi gbé e mì, wọ́n wá ní kí n la ẹnu kí àwọn wò ó.