Àwòrán Ilé Ìkàwé Tó Kún Ògiri Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi Adéṣínà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń fúyẹ́. Òrùlé pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè ṣì ń jò.

Àwòrán ilé ìkàwé tí ẹ tún fi ránṣẹ́ ti dé, èyí tí wọ́n kun àjà rẹ̀ bí ojú sánmà, tí ẹ dúró sí àárín rẹ̀. Ó rẹwà, àmọ́ ó ti sú mi. Orúkọ yín nìkan lẹ máa ń kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bàbá kan gbogbo wọn mọ́ ògiri, wọ́n ń sọ fún àlejò pé pálọ̀ yín ni. Mo bá ṣàlàyé fún Bàbá pé ilé ìkàwé ni, kì í ṣe ilé yín. Wọ́n wo àwòrán náà títí, wọ́n ní, "Ìwé kún ilé tó báyìí, Ṣínà ò sì rí abala kan kọ sí mi."

Kí Ọlọ́run bá mi fi bírò sí yín lọ́wọ́.

Àbúrò yín,
Motúnráyọ̀