Ọ̀rọ̀ Tí Kò Gba Etí Wọlé

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ara ńkọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa nílé kò ní gbàgbé ọ̀dọ̀ rẹ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òrùlé ilé ìdáná tó ń jò, mo ti kàn án. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ó sì ń fi wọ́n yangàn kiri àdúgbò bí ẹni pé òun ló bí wọn.

Ọpẹ́ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Mi ò fi í ránṣẹ́ lórí fóònù torí ọ̀rọ̀ náà gùn, kó má lọ há sójú ọ̀nà, kó dínà mọ́ ti ẹlòmíì.

Láti ìgbà tí ariwo ẹ̀rọ ìlagi ti gba etí mi, tí o bá pè, ìyá rẹ á sọ̀rọ̀ títí, á rẹ́rìn-ín títí, á wá juwọ́ sí mi pé o kí mi. Odidi odò lòun mu, ẹ̀kán omi kan ló mú bọ̀ fún mi. Àmọ́ látìgbà tí o ti ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fóònù, èmi gan-an ni mò ń gbà á. Mo máa ń kà á lákàtúnkà, mo sì máa ń kí fóònù náà pé ó ṣeun, kó má bàa sọ pé a ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá lo dẹ́rù bà mí. O kọ ọ́ pé wọ́n ti gbé ọ ga níbi iṣẹ́, o wá fi orí ẹnìkan tí omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò sí i. Mo ní mo gbé, wọ́n ti gbé ọmọ mi sókè, kò rọ́nà sọ̀ kalẹ̀! Mo figbe ta, ìyá rẹ já fóònù gbà, ó pè ọ́. Níbi tí mo ti ń wá àkàbà, mo rí i tó ń jó. Mo bi í títí, ijó ṣáá ló ń jó. Ìgbà tí o kọ̀wé padà pé ẹ̀rín lo rín tí omi fi bọ́ lójú rẹ, pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá, ló tó yé mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gba ìròyìn ayọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo jókòó sórí pákó, mo sunkún. Tèmi, ẹkún gidi ni.

Ìyá rẹ ní ọ̀rọ̀ inú fóònù kò lóhùn, òun ò lè fi mọ̀ bóyá ọ̀fìnkìn ń dà ọ́ láàmú. Jọ̀ọ́, máa pe òun náà, etí tirẹ̀ ṣì mú, ó tilẹ̀ ti mú jù.

Ẹyọ kan ti fọ́ nínú awò ojú mi, ojú kan ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ rẹ. Tówó bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ṣe òmíì. Má fi sínú fóònù o, ìyá rẹ máa ń fi aṣọ nù ún, ó lè nu owó náà dànù.

Nígbà tí ìwọ náà bá darúgbó, ọmọ tí yóò wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ ni Ọlọ́run yóò fún ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà.