Ẹgbẹ́ Dúró Ná àti Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbé Wá Bá Yín

Ṣọ́ọ̀bù Màmá,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ tí Màmá ní ẹ ń wú nígbà tí wọ́n wá kí yín kẹ́yìn ti dáwọ́ dúró? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera, kó sì jẹ́ ọjọ́ tí ọkàn yín fúyẹ́ díẹ̀. Bí kì í bá ṣe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká a sínú àpò, ẹ kà á lọ́la.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin rèé tí ẹ ti wà lẹ́wọ̀n, n kò sì kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí yín. Màmá máa ń sọ fún yín pé iṣẹ́ ilé-ìwé ni kì í jẹ́ kí n ráyè. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo sì ti fà á ya. Bí mo bá tún fa eléyìí ya, n kò ní rí ìwé ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mọ́.

Gbogbo ará ilé wà láàyè. Bàbá ṣì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á jókòó sórí àga tó dojú kọ ògiri, wọn ò ní sọ nǹkan kan títí oúnjẹ á fi dé. Ẹ rántí pé tẹ́lẹ̀, ńṣe la máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́ ká lè gbọ́ rédíò. Màmá ṣì ń rán aṣọ ilé-ìwé, àmọ́ ti àwọn obìnrin nìkan ni wọ́n ń gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ọmọkùnrin wá pé kí wọ́n wọn ṣòkòtò fún un, wọ́n á ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn. A kì í jẹ búrẹ́dì nílé mọ́. Ẹ mọ̀ pé ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣe é ládùúgbò wa, ta ló sì lójú nínú wa láti lọ dúró níwájú ìyá ọmọ tó kú, kó ní kí wọ́n di méjì fún òun?

Ní ilé-ìwé, wọ́n sọ mí ní Àbúrò Apànìyàn. Wọn kì í pè é sí mi lójú, ara pátákó ìkọ̀wé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí kí n tó wọlé láàárọ̀. Ẹnì kan péré ló ń bá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Agogo nítorí pé òun ló ń lu agogo ilé-ìwé. Kékeré ni lójú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò kéré. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá bá mi jókòó, ó ní òun kò wá ṣàánú mi o, pé fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lòun ń fẹ́.

Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, àwọn ọmọkùnrin méjì láti kíláàsì kejì jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá sáyẹ́ǹsì, lẹ́bàá àtẹ̀gùn yẹn gan-an. Ẹ mọ àtẹ̀gùn tí mò ń wí. Ọ̀rọ̀ ìjókòó lásán ló dìjà. Gbogbo wa yí wọn ká, a ń pariwo pé, “Fún un! Fún un!” Ọ̀kan ti ń tu eyín jáde, ẹ̀jẹ̀ ti bo kọ́là aṣọ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo wá gbọ́ ohùn ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ń pariwo. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí wa, ẹnu mi là sílẹ̀, mò ń pariwo bíi tiwọn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Agogo ò wo ẹnikẹ́ni lójú, ó sáré lọ lu agogo. Kò tíì tó àkókò rárá, àmọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, kálukú gba kíláàsì rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ní kó máa gé koríko nítorí pé ó lu agogo láìgbàṣẹ.

Ibi tó ti ń gé koríko yẹn ló ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, “Bí agogo lásán bá lè tú wọn ká, a jẹ́ pé ìjà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ wù wọ́n jà. Ẹni tó máa ní kí wọ́n dúró ná ni wọn ò rí.” Bí a ṣe rí orúkọ ẹgbẹ́ wa nìyẹn, Ẹgbẹ́ Dúró Ná.

A lọ gbàṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ìwọ? Nínú gbogbo ọmọ tó wà nílé-ìwé yìí, ìwọ?” Ìyá tó ń tọ́jú ilé-ìkàwé ló bá wa bẹ̀ wọ́n. Ìyá náà ní kí á máa lo yàrá ẹrù tó wà lẹ́yìn ilé-ìkàwé, pé àwa ọmọ ilé-ìwé fúnra wa ni ká máa darí rẹ̀, àwọn á kàn jókòó síbẹ̀ máa lẹ ìwé tó ti ya. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwa mẹ́ta la wá. Ẹnì kẹta, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olóorun, ibi tó máa sùn sí ló ń wá. A ò lé e, òun náà ò sì lọ mọ́.

Iṣẹ́ wa ò ju pé bí a bá gbọ́ pé ẹni méjì ń bínú síra wọn, a máa lọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A máa ní, “Dúró ná. Ta ló sọ fún ẹ? Ṣé etí ẹ ló gbọ́ ọ?” Ẹnu á yà yín, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣọ̀wọ́n ká rí ìjà tí kò ní ẹnì kẹta nínú, ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan lọ síbòmíràn, tó sì ṣe àbùmọ́ sí i lọ́nà. A tún gbé agolo mílíìkì kan kalẹ̀, a dá ihò sí ọmọrí rẹ̀, kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé kó jù ú síbẹ̀. Kí tẹ́ẹ̀mù náà tó parí, a ti di mọ́kàndínlógún.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, a bá ìwé kan nínú agolo. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kan láti kíláàsì àṣekẹ́yìn máa dúró de ọmọ kan lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú bẹ́líìtì àti irin. A ti ṣèlérí fún gbogbo ilé-ìwé pé a ò ní fi ẹnikẹ́ni sun olùkọ́. A jiyàn títí, àwọn kan sunkún. Níkẹyìn, a fohùn ṣọ̀kan pé níbi tí irin bá ti wọ̀ ọ́, ìlérí ti tán. A sọ fún ọ̀gá. Wọ́n bá irin náà nínú àpò ìwé lóòótọ́, wọ́n sì lé àwọn méjì kúrò nílé-ìwé.

Ní Mọ́ńdé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀rẹ́ àwọn méjì náà ká Agogo mọ́ ọ̀nà ilé. Wọ́n ní kó dárúkọ ẹni tó kọ ìwé náà. Kò mọ̀ ọ́n, bó bá sì mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ pé kò ní sọ. Wọ́n ṣẹ́ ẹ lápá, ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń lu agogo. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn òbí ti wá fa ọmọ wọn kúrò lẹ́gbẹ́. Nínú mọ́kàndínlógún, ó ku àwa mẹ́fà.

Agogo wá sípàdé pẹ̀lú ohun funfun líle tí wọ́n fi di apá rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní kí kálukú sọ ohun tó mú un wọ ẹgbẹ́ yìí, kó má sì parọ́, kóun lè mọ̀ bóyá apá òun ṣẹ́ lásán. Olóorun ní bàbá òun máa ń na ìyá òun, pé ilé-ìwé nìkan lòun ti ń rí oorun sùn. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní Olóorun mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó wá kàn mí. Mo sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún, ẹ dárí jì mí pé àwọn ló kọ́kọ́ gbọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdé yẹn, ní ìdí ẹ̀rọ omi, ọmọ oníbúrẹ́dì rí yín lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú bàtà yín tó ti là níwájú. Ó ní, “Bàtà ẹ̀gbọ́n ẹ ń rẹ́rìn-ín o. Àwàdà wo ló sọ fún un?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Ohun tó sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí mo ṣe ń bọ̀ wá bá yín, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí pé mo rẹ́rìn-ín, ìtìjú náà sì di ìbínú sí mi nínú. Mo sọ fún yín pé ó ní Màmá ń jí aṣọ àwọn oníbàárà wọn, pé owó olè ni wọ́n fi ń bọ́ wa. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé, “Ṣé ó dá ẹ lójú?” Mo ní, “Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ.” Ẹ sọ báàgì yín sílẹ̀. Mo tẹ̀ lé yín. Mo wà láàárín àwọn tó yí yín ká nígbà tí ẹ tì í, mo sì gbọ́ bí orí rẹ̀ ṣe gbá etí àtẹ̀gùn.

Ní kóòtù, lọ́yà bi yín pé ta ló sọ fún yín. Ẹ wo ibi tí mo jókòó sí, ẹ ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́ ọ. Ẹ̀yin rò pé òótọ́ lẹ ń bò mọ́lẹ̀ fún mi. Irọ́ ni. Kò pe Màmá ní olè rí. Èmi ni mo pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ò pẹ́ kó tó dé ilé oníbúrẹ́dì. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ìyá ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá gan mọ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, “Ìwọ. Kí lọmọ mi sọ gan-an?” Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹnu wọn wá mì díẹ̀ bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.” Wọ́n tún ní, “Láti ọdún méjì yìí ni mo ti ń rò pé mo tọ́ ọmọ tó ń pe ìyá ẹlòmíràn ní olè.” Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Wọn ò ní àwọn dárí jì mí, ẹnu mi ò sì gbà á láti bẹ̀ wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò bá mi sọ ju “jẹun” àti “ti ilẹ̀kùn” lọ. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún Bàbá. Wọ́n jáde, wọ́n lọ fọ ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ti fọ̀ láàárọ̀, wọ́n sì fọ̀ ọ́ títí oòrùn fi wọ̀.

Ẹgbẹ́ náà kò tú. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀ báyìí, àwọn ọmọkùnrin méjì tó jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà lára wa. Mo ní kí wọ́n yọ mí kúrò nípò aṣáájú tí wọ́n fi mí sí. Agogo ló ń darí wa, èmi ni mo ń tọ́jú agolo. Kì í ṣe gbogbo ìjà la ń rí tú ká. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún gún ọmọ kan ní kọ́ńpáàsì, a ò tètè gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́tà yìí han lọ́yà, ẹ fi hàn án. Màá jẹ́rìí níwájú ẹnikẹ́ni tó bá pè mí. Ní ọjọ́ àbẹ̀wò tó ń bọ̀, màá tẹ̀ lé Màmá wá. Bí ẹ kò bá fẹ́ rí mi, ẹ sọ fún wọ́dà. N kò ní bínú. Màá jókòó síta títí Màmá yóò fi jáde, lóṣù tó tẹ̀ lé e, màá tún wá jókòó.

Kí Ọlọ́run wo ikọ́ yín sàn. Kó fún yín lóorun tó dùn. Kó pa yín mọ́ láàárín àwọn tí ẹ bá wà níbẹ̀, kó sì mú yín jáde pẹ̀lú ara àti ọkàn tó pé.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ ìyá yín kan ṣoṣo.

Àfikún: Mo mọ̀ pé àwọn wọ́dà máa ń ṣí lẹ́tà kí wọ́n tó fún yín. Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà kí wọ́n lè rí i kà.