Ìlà Méjì Tó Kọ̀ Láti Gba Ara Wọn Kọjá

                                        Rebengasse 7,
                                        Würzburg.
                                        11 Oṣù Kẹta, 2012.

Henrike, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé etí òkun? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ní Husum ńkọ́? Ara èmi le, àfi òtútù tí kò tíì fi wá lọ́rùn sílẹ̀.

Má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí wúruwùru, ayọ̀ ni. Òpó rẹ tí ojú lásán ò lè rí, tí a fi ń há ìmọ́lẹ̀ mọ́, ti ṣiṣẹ́!

Ṣé o rántí bí ọ̀gá wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ottmar, ṣe pa àwòrán òpó tí o yà tì? Òpó tín-ín-rín ni wọ́n ń fẹ́, kí ibi tí ìmọ́lẹ̀ há sí láàárín díńgí méjì tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ lè kéré. Ìwọ ní ẹ̀gbẹ́ òpó tín-ín-rín ni ìmọ́lẹ̀ ń jò gbà. O ní ká mú un sanra díẹ̀, ká sì gbin kóró tó ń tàn sínú rẹ̀, èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí kóró ńlá ló ń di ìmọ́lẹ̀ mú. Wọ́n ní àlá lò ń lá. Kò pẹ́ tí o fi lọ tọ́jú bàbá rẹ.

Nígbà tí àwọn òpó tín-ín-rín já sí pàbó, tí àwọn tó ń gbọ́ bùkátà iṣẹ́ náà sì ní àwọn máa tì í pa lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, mo ní ká gbìyànjú tìrẹ wò. Ọ̀gá kàn gbọn èjìká. Wọ́n ní bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a gbé òpó náà sínú ẹ̀rọ tó tutù ju yìnyín lọ, a wá ń mú un móoru díẹ̀díẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tó dúró fún kóró ń sún mọ́ ìlà tó dúró fún ìmọ́lẹ̀ inú òpó. Bí wọn ò bá di ara wọn mú, ńṣe ni ọ̀kan máa gba orí èkejì kọjá, bí ó ti máa ń rí tẹ́lẹ̀. Wọ́n sún mọ́ra títí, wọ́n kọ̀ láti kọjá, wọ́n yà! Wọ́n ti di ara wọn mú! A ò mọ èyí tó jẹ́ ti kóró àti èyí tó jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá ní ká tún un ṣe. Bákan náà ló rí. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún. Mo ní kí wọ́n pè ọ́ lórí fóònù.

Wọ́n ní, "Almut, bá mi kọ̀wé sí i. Ojú ń tì mí." Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà. "Bi í pé kí ló kù tó yẹ ká kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀."

Henrike, kí ni kí n sọ fún wọn?

Bá mi kí bàbá dáadáa.

Èmi ni tìrẹ, tí ayọ̀ ò jẹ́ kó jẹun,
Almut.