Mi Ò Tíì Dárí Ji Abdulrasheed

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Malu Road,
                                        Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2025.

Zulfah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ kú ọyẹ́ o. Eruku tírélà ni tiwa níhìn-ín. Ara mi le, mo dúpẹ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n fi ọ̀rọ̀ Abdulrasheed sílẹ̀ fún Ọlọ́run, pé ọmọ ìlú wa ni. Ọmọ ìlú wa náà ló pa àbúrò mi, Zulfah. O ò sí níbí, jẹ́ kí n là á yé ọ.

Nígbà tí ikọ́ ife mú Láwàlì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún un lóògùn ní ọsibítù. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní kó lò ó. Kó tó pé oṣù méjì, ó ti padà sídìí tírélà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n. Nọ́ọ̀sì Ebinimi ti sọ tẹ́lẹ̀ pé oògùn náà ló ń mú un pọ́n, ṣùgbọ́n ojú ń ti ọmọkùnrin náà láti tún bi obìnrin léèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kẹ́míìsì Abdulrasheed ló gbà lọ, torí pé ẹ̀gbọ́n wa ni. Ẹ̀gbọ́n wa ní ẹ̀jẹ̀ ni, pé oògùn ìjọba ti ń ba kídìnrín rẹ̀ jẹ́. Ó ní kó dá a dúró, ó sì kó oríṣiríṣi oògùn pọ̀ sínú ọ̀rá tà fún un.

Nígbà tí ikọ́ náà padà dé, oògùn àkọ́kọ́ ò ràn án mọ́. Wọ́n fún un ní èyí tó le ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ti bàjẹ́. Ọwọ́ mi ló kú sí.

Ìgbà tí Nọ́ọ̀sì ń wá ẹni tí yóò máa la aráàdúgbò lóye, tí yóò sì máa wo àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe ń gbé oògùn mì láràárọ̀, kíá ni mo yọjú. Ó kìlọ̀ fún mi: "Sister, no call anybody name o." Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn gbé bẹ́ńṣì mi sí iwájú kẹ́míìsì Abdulrasheed gan-an, mo gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, mo ń pariwo pé ìtọ̀ pupa kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn dúró. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbọ́. Ó dùn mọ́ mi débi pé ẹ̀rín ni mo máa ń rín délé.

Lóṣù Kọkànlá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Àyẹ̀wò ní ikọ́ ife ni, Nọ́ọ̀sì sì fi í sábẹ́ mi. Ó bẹ̀ mí pé kí n máa gbé oògùn wá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Bọ̀dá, orí bẹ́ńṣì la ti ń gbé e mì o." Ló bá ń fa fìlà bojú wá.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, kò wá. Ó ti ń sanra, ó rò pé ó ti tó. Mo jókòó, mo ń wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo mọ ohun tí yóò bá a bí mo bá dákẹ́, ọkàn mi sì fẹ́ ẹ, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ikọ́ tí oògùn ò ràn mọ́ kò ní dúró lára òun nìkan. Ó níyàwó, ó lọ́mọ. Mo dìde, mo wọlé sáàárín àwọn oníbàárà rẹ̀, mo na oògùn àti omi sí i. "Bọ̀dá, ẹ ya ẹnu yín." Ó gbé e mì. Mo ní kó gbé ahọ́n sókè, mo yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́. Má pè é ní àánú, Zulfah. Mo fẹ́ kí Abdulrasheed yè, kó gbó, kó tọ́, kó sì máa rí ojú mi láràárọ̀ títí ayé rẹ̀.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n má bẹ̀ mí nítorí rẹ̀ mọ́.

Tìrẹ ni mí láìyẹ̀,
Sàfíátù.