Bébà Èlùbọ́ Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Rashidat ọmọ mi,

Àsàláámù àlékún. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti Toheeb ọmọ rẹ wà ní Bajulaiye? Ọlọ́run kò ní fi yín sílẹ̀. Ìrora orúnkún mi ti dín kù, ewúrẹ́ bí ìbejì, ìjì sì ti ṣí páànù ilé ìdáná. Leah, tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní kí n dẹ ohùn mi, mo ní kó kọ ohun tí mo sọ.

Iléyá ti ń bọ̀, Toheeb náà ń bọ̀. Ní èṣí, mo ro ọkà ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, ó ní bébà ara èlùbọ́ yẹn dà, pé oúnjẹ tí kò ní bébà kò dára fún ara. Bisikíìtì ló ń jẹ títí ìgbẹ́ fi há a. Mi ò sunkún. Mo gbé ọkà fún ajá, ajá ò béèrè bébà.

Mi ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ti kọ́ ọ, àfi ìgbà tí mo wá lẹ́ẹ̀rùn. Èlùbọ́ tí mo rù wá, o tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún kòkòrò, o lọ ra ti ṣọ́ọ̀bù ní Onípanu. Bí o ti tú u, ata gbígbẹ kan jáde, o ní kọ́ńpìnnì ló fi sí i fún ìlera. Rashidat, èmi ni mo fi ata yẹn lé kòkòrò. Obìnrin Ọbáníkòró tó ń ra èlùbọ́ lápò-lápò lọ́wọ́ mi, tó ń lẹ̀ bébà mọ́ ọn, ni kọ́ńpìnnì rẹ. O jẹ ìlera tán, o wá fi mínírà sìn ín lọ sí ikùn, kí ó má baà dá nìkan lọ.

Nítorí náà, bébà yẹn ni oògùn, mo ti gbà. Leah ní wọ́n tilẹ̀ kọ ọjọ́ tí èlùbọ́ máa kú sí i. Àlùfáà wa kò mọ ọjọ́ tí èmi arúgbó máa kú.

Àwọn tó ń tẹ̀wé kún àdúgbò rẹ. Ní kí wọ́n tẹ bébà fún èlùbọ́ mi, kí wọ́n ya òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Kí wọ́n tẹ kékeré kan tí màá lẹ̀ mọ́ iwájú orí, kí Toheeb lè jẹun lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n má kọ ọjọ́ ikú sí tèmi. Fi owó páànù sí i, àti owó ata ìlera yín.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o máa fi owó ra ohun tí o ní nílé. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Sìlífátù